Ọjọ́ Àlejò Kọ́ Ni Ọjọ́ Dẹ́kìn

Ìtamàga, Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Morẹ́nikẹ́, Àjọkẹ́ mi, ọmọ tó ń béèrè ìdí nǹkan kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹni,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdúró nínú oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ara wa le níbí. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó tiẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tó kọjá, láti ìgbà náà ló sì ti ń yan kiri ilé bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Mo ti fi í sílẹ̀ kó máa yan.

Nígbà tí o pè lánàá, tí o ní, "Mọ́mì, ṣé kí n fọwọ́ sí i?", mi ò dá ọ lóhùn dáadáa. "Ó dáa, ó dáa" ni mò ń sọ ṣáá, bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dà láàmú. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ náà ló ju ohun tí èèyàn ń dúró sọ ní kíṣìnì lọ. Mo ti wá jókòó báyìí, mo ti pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti ní kí bàbá rẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Bùọ̀dá Lásísì tó ń kó èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti Gáráàjì ni màá fi lẹ́tà yìí rán láàárọ̀ ọ̀la. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á, sì jẹun kí o tó jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. Ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn ọmọ ìlú kó ara wọn jọ láti kọ́ sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbà ọ́ sí. Ìwọ lò ń ṣètò iṣẹ́ níbẹ̀: èwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, èwo ló máa tẹ̀ lé e, ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ wo. Alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ilé náà, bàbá àgbà tó fún ọ níṣẹ́, ti wá kéde pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó máa jẹ́ àjà fún ìsàlẹ̀, tó sì máa jẹ́ ilẹ̀ fún òkè. Àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù àti láti Èkó. Wọ́n ti ra màlúù, wọ́n ti pe ààfáà, wọ́n ti pe pásítọ̀. Ṣùgbọ́n òpó tó máa gbé dẹ́kìn náà ò tíì le dáadáa, àwọn tó ń di irin ò tíì ṣe é dé ìdajì, kò sì sí ẹni tó tíì yẹ èyí tí wọ́n dì wò. O sọ fún Alága. Ó ní kí o ṣáà fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo nǹkan ti ṣetán, pé àwọn òṣìṣẹ́ á sáré parí èyí tó kù. Ó tún ní, "Èmi ni mo mú ẹ wá síbí o." Lẹ́yìn náà lo wá ń sunkún lórí fóònù, tí o rò pé mi ò gbọ́.

Mo gbọ́.

Kí n tó dá ọ lóhùn, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ rí. Ṣé o rántí ìgbà tí o ń ṣe ìwádìí rẹ ní yunifásítì? O ní o fẹ́ mọ ìdí tí ilé kíkọ́ lágbègbè wa kì í fi í parí lásìkò tí wọ́n dá fún un. Mo sọ nínú ara mi pé, áà, ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń wádìí? Ta ni kò mọ̀ pé àìsówó ni? O ní kí n bá ọ lọ, pé bí àwọn bírìkìlà bá rí ọ̀dọ́bìnrin nìkan, wọ́n á máa bá a ṣeré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á fìdí kalẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí a ṣe lọ sí Ìpakodò nìyẹn, tí a rìn káàkiri Ìtamàga níbí, tí a sì dé Ẹ̀pẹ́.

Ìbéèrè kan náà lo ń bi gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ̀ ń dúró dè lónìí?" Ẹnu yà mí sí ohun tí ìbéèrè kékeré yẹn tú jáde. Káfíńtà ń dúró de bírìkìlà, bírìkìlà ń dúró de olómi, olómi ní ọkọ̀ òun ò lè wọ àdúgbò àfi tí wọ́n bá kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sójú ọ̀nà kúrò. Ta ló da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀? Àwọn fúnra wọn ni. Ní Ìpakodò, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ta ayò lábẹ́ igi nítorí pé àna onílé ò tíì dé láti wá fi ọwọ́ gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ sí òkè. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti rẹ́ ògiri, wọ́n ti kùn ún, kí wọ́n tó rántí pé páìpù omi ò sí nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó onílé ló fẹ́ wá ṣọdún. O kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, o ò rẹ́rìn-ín, o ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé lo wá rọra sọ létí mi pé, "Mọ́mì, kì í ṣe owó nìkan o. Ọjọ́ àlejò la fi ń kọ́lé."

Nígbà tó yá, o tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì wa, o ya àpótí kéékèèké sí i, o sì fi ìlà so wọ́n pọ̀: èyí ò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí tọ̀hún bá parí. Bàbá rẹ ní, "Ṣé o lè ya ilé tiwa náà?" O bi wá léèrè, o bi wá léèrè, o sì yà á. Mo dìde kí n lè rí i dáadáa, mi ò sì lè jókòó mọ́. Gbogbo ọdún tí a fi kọ́ ilé yìí ló wà níwájú mi. Mo rí ibi tí a ti dúró de káfíńtà tó lọ sìnkú nílé wọn, ibi tí òjò ti ká wa mọ́, ibi tí a ti kọ́ ògiri tí a tún wó o. O wá fi ìka rẹ tọ ìlà kan láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, o ní, "Mọ́mì, ọ̀nà yìí ló gùn jù. Tí ohun kan bá pẹ́ lórí rẹ̀, gbogbo ilé ló máa pẹ́. Àwọn tó kù lè sinmi díẹ̀, èyí ò lè sinmi."

Àjọkẹ́, ara mi bù máṣọ. Mo ti ń wọ ilé yìí, mo ti ń jáde níbẹ̀ títí, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì nìkan ni mo rí. Ìwọ rí àkókò níbẹ̀. Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìkan ló tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí orí ọmọ bá yọ, tí gbogbo yàrá á dákẹ́. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo ṣe bí ẹni ń wá iyọ̀. Omi ló ń bọ́ lójú mi. Mo ń bi Ọlọ́run pé, ọmọ tí mo fọ imú fún yìí, ibo ló ti rí ọgbọ́n yìí? Mi ò tíì rí èsì gbà títí di òní.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Àkọ́kọ́. O mọ òpó tó dúró sí àárín pálọ̀ wa, tí gbogbo àlejò máa ń béèrè nípa rẹ̀. Bàbá rẹ máa ń sọ fún wọn pé ìyàwó kejì òun ni, pé kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í bínú. O ti gbọ́ ti bàbá rẹ, wá gbọ́ tèmi. Nígbà tí a da dẹ́kìn ilé yìí, ọparun tí wọ́n fi tì í lábẹ́ kún gbogbo ìsàlẹ̀, èèyàn ò lè kọjá láìtẹ̀ síwá tẹ̀ séyìn. Iléyá ti sún mọ́lé. Bàbá Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ránṣẹ́ pé ilé tuntun àbúrò òun lòun ti máa ṣọdún, òun àti gbogbo ilé. Mùfú tó jẹ́ bírìkìlà wa ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọparun yẹn o, kò tíì tó àsìkò. Bàbá Ìkìrun dé, ó wò yíká, ó ní, "Ilé tí àlejò ò ríbi jókòó sí, ṣé ilé nìyẹn?" Ta lo rò pé ó dáhùn pé òótọ́ ni? Èmi ni. Mo ti ra aṣọ fèrèsé. Ojú ń kán mi láti rí i lójú fèrèsé.

Ni wọ́n bá yọ ọparun àárín. Ti àárín nìkan, kí àga lè ráyè. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, bí a ṣe ń to àga, a gbọ́ "kàà!" lókè orí wa. Mùfú kígbe, "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde!" A sá, àwọn míì ò mú bàtà. Ọlọ́run ò jẹ́ kó wó. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ wọ̀ láàárín bí àkéte tó ti gbó, bẹ́ẹ̀ ni òpó ṣe dé pálọ̀ wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò la ti jẹ ẹran ọdún náà. Bàbá Ìkìrun jẹun yó, ó sùn, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó padà sí Ìkìrun. Àlejò lọ, òpó kù. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tiwa ti tó ìdílé yìí, má jẹ́ kí wọ́n bá ọ gbẹ́ òmíràn sí Ẹ̀pẹ́.

Èkejì. Ẹ̀pẹ́ yẹn náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ọwọ́ mi yá nígbà náà, ojú mi sì le. Ní ọjọ́ kan obìnrin kan ń rọbí, àwọn àna rẹ̀ sì wà níta, wọ́n ń pariwo pé kí ló ń pẹ́ tó báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún obìnrin náà pé kó máa rin, kó máa ti ọmọ náà síta. Ọ̀gá wa àgbà wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló ń kánjú? Ṣé ọmọ ni àbí ìwọ?" Mo ní, "Àwọn àna rẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Ó dáa. Ṣé àwọn àna ló ń rọbí?" Ìtìjú bò mí. Ìgbà tó tó àsìkò, ọmọ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìwọ lo ṣàlàyé fún mi pé kọnkéré kì í kàn gbẹ, pé ṣe ló ń mu omi tí wọ́n fi pò ó, tó sì ń so mọ́ra lábẹ́lẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún lè kọjá níbi tí wọ́n ti ń da kọnkéré kí n má dúró. Háà! Ohun tí èèyàn pò bí ẹ̀kọ, tó wá di òkúta tí ilé á dúró lé! Olúwa ṣe iṣẹ́ ìyanu fún wa, a sì ń tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màlúù tí wọ́n rà kò lè mú un yá, àdúrà ààfáà àti ti pásítọ̀ náà ò lè ní kó fo ọjọ́ kan. Alága lè pàṣẹ fún gbogbo Ẹ̀pẹ́, kò lè pàṣẹ fún un.

Ẹ̀kẹta, ibi yìí ló ṣòro jù: bí a ṣe ń sọ "rárá" fún àgbà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní ọjọ́ tí dẹ́kìn wa ké yẹn, mo dojú kọ Bàbá Ìkìrun lójú títì, mo sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi tí mo ní òótọ́ ni! Ó kàn ò wá sílé wa mọ́ títí di ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ariwo mi ò sì gbé dẹ́kìn sókè.

Nítorí náà, má bá Alága jiyàn níbi iṣẹ́, lójú àwọn tó ń gbé yẹ̀pẹ̀. Lọ bá a nílé láàárọ̀, kí àwọn èèyàn tó máa wọlé. Mú àgbà kan tó bọ̀wọ̀ fún dání. Fọ́máànù tí o ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí kò sì fẹ́ Sátidé yìí, mú un lọ. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di kékeré. Kí o kí i, kí o kí ìyàwó rẹ̀. Kí o wá tẹ́ ìwé ńlá rẹ sílẹ̀, má sọ òyìnbó kankan, kí o sì fi ìka rẹ tọ ọ̀nà tó gùn jù náà fún un bí o ṣe tọ̀ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Má sáré fi ọ̀rọ̀ dí ìdákẹ́jẹ́ náà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ débi tó ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí i kì í ṣe ènìyàn burúkú, ojú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló ń tì í.

Má sì gbé "rárá" lásán lọ bá àgbàlagbà. Wá nǹkan fún un láti fi han àlejò rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá ní Sátidé. Kí wọ́n pa màlúù wọn, kí ààfáà gbàdúrà sí irin náà, kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Kí wọ́n mú wáyà kéékèèké fún àlejò kọ̀ọ̀kan kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ irin níbi tí ẹ bá fi hàn án, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà mọ́ ilé kò ní í sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Ìwọ náà ti mọ èyí nínú ìwádìí rẹ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, ẹ̀rù a sì máa gbàgbé ohun tó kà.

Ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún, mi ò kà á mọ́. Máa kí àwọn obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀, máa kí àwọn tó ń di irin, bí o ṣe kí gbogbo wọn lọ́jọ́ tí a jọ rìn. Ẹni tí o bá kí ló máa wá sọ fún ọ pé ihò wà lára òpó. Bàbá rẹ ti yọjú lókè èjìká mi, ó ní kí n sọ fún ọ kí o máa dé akoto. Èmi sì ní kí o yéé fi bísíkíìtì ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ ọkọ, mi ò ní í bi ọ́ lónìí. Lónìí nìkan o.

Ó wá ku bí ó bá kọ̀. Bí o bá kúnlẹ̀, tí o tẹ́ ìwé sílẹ̀, tí o wá ohun tí àlejò máa ṣe, tí Alága sì ṣì ní Sátidé ni, má fọwọ́ sí i. Mo ń sọ ọ́ gbangba kí o má bàa wá a láàárín ìlà. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ bí o ṣe wá a tó. Wọ́n lè sọ káàkiri pé ọmọ náà ò mọ àgbà. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí ọmọ mi ni ọ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa pọ́n ọ lé. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ wà níbí. Mo ka ibí yìí sókè fún bàbá rẹ, ó dúró nídìí ilẹ̀kùn, ó ní, "Kọ ọ́ pé èmi náà sọ bẹ́ẹ̀."

O bi mí lánàá pé, "Mọ́mì, ta ni mo jẹ́ tí màá fi da ọjọ́ tí àwọn àgbà dá rú?" Ìyẹn ni mo jókòó láti dáhùn, gbogbo èyí tí mo ti ń kọ bọ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni mò ń wá kiri.

Obìnrin kan wà. Bóyá ọmọ iléèwé ni báyìí ní Ẹ̀pẹ́, bóyá wọn ò tíì bí i pàápàá. Ní ọjọ́ kan wọ́n á fà á wọ ilé yẹn, ìrọbí á ti mú un, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ibi tí àwọn tó ń rọbí máa ń wò. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn kì í wo nọ́ọ̀sì, wọn kì í wo ọkọ wọn. Àjà ni wọ́n máa ń wò. Nígbà tó bá dùn wọ́n jù, wọ́n á tẹjú mọ́ àjà, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀. Wọn ò pe obìnrin náà sí ti Sátidé. Kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ Alága. Nínú gbogbo èèyàn tó máa pé jọ sídìí ilé yẹn, Àjọkẹ́, ìwọ nìkan ni ẹbí rẹ̀.

Lọ bá obìnrin náà bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni,
ìyá rẹ.